Ìtàn Ọdún 4,000 Tí Kò Sẹ́ni Tó Béèrè

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ayé kan fún eré orí tábìlì tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin fẹ́ máa ṣe. Mo ya máàpù ilẹ̀ mẹ́ta, mo kọ ìtàn ọdún 4,000, mo dá òrìṣà mọ́kànlá, mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá èdè kan. Nígbà tí a jókòó, kò sẹ́ni tó béèrè ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fẹ́ wọ̀, mo bá sáré dá atukọ̀ kan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní olójú kan ni. Òun ni wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri títí a fi túká. Ṣé kí n da gbogbo ẹ̀ nù ni? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ohun tó yẹ kó kọ sílẹ̀ ṣáájú? Ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọ́n á bi mí ní ohun tí mi ò tíì rò, màá wá máa wò bọ̀ọ̀.”

Ẹ má da nǹkan kan nù. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn, torí mo mọ bó ṣe ń dun ẹni tó fi òru ṣiṣẹ́, tí àwọn tó ṣe é fún ò tiẹ̀ yíjú wò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yín, ohun méjì ni mo sì rí tí ẹ dì sínú ẹrù kan. Èkíní ni pé ẹ rò pé àwọn ọ̀rẹ́ yín kọ ayé tí ẹ kọ́ sílẹ̀. Èkejì ni ẹ̀rù pé wọ́n á ká yín mọ́ ibi tí ẹ ò tíì múra sí. Lójú tèmi, èkejì ló bí èkíní. Ẹni tí ẹ̀rù ìbéèrè ń bà á máa kọ ìdáhùn sílẹ̀ lọ rẹpẹtẹ ni, á kọ ti ọdún yìí, á kọ ti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ìbéèrè tí wọ́n á wá bi í gan-an ò ní sí nínú ẹ̀.

Ẹni tí kò bá ṣe irú eré yìí rí, bó ṣe rí nìyí: ẹnì kan ni adarí eré, òun ló ń sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tó wà níwájú wọn. Àwọn yòókù ní ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn wọn fẹ́ ṣe. Bí kò bá dájú pé ó máa bọ́ sí i, wọ́n á ju dáìsì. Kò sí àwòrán tó ń rìn, kò sí sinimá. Ẹnu adarí eré ni ojú àwọn yòókù. Ayé tó wà nínú ìwé yín kò tíì sí lójú wọn rárá, àfi ibi tí ẹnu yín bá kàn. Atukọ̀ olójú kan yẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹnu yín kàn tó ṣeé dì mú. Wọ́n lè bi í léèrè, wọ́n lè bá a dúnàá-dúrà, wọ́n lè fura sí i, wọ́n lè tì í sómi. Kí ni wọ́n lè ṣe sí ọba tó ti kú láti ọdún 2,700 sẹ́yìn? Wọn ò kọ ayé yín sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ fún wọn ni wọ́n gbà wọlé.

Nígbà kan, èmi náà kọ ogójì ojú ìwé lórí ogun tó wáyé láàárín ọmọ ọba méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí wọ́n pín ìlú kan sí méjì, tí odò wà láàárín. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Lọ́jọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, mo ka ojú ìwé méjì nínú ẹ̀ sí wọn létí. Ọ̀kan ń to dáìsì ẹ̀ léra bí ẹni ń kọ́lé, òmíràn ń wo fóònù, ẹnì kẹta ń mirí sí mi torí pé àánú mi ṣe é. Mo pa ìwé dé, ó sì dùn mí fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo tún gbé ogun kan náà fún ẹgbẹ́ mìíràn, àmọ́ mi ò sọ ìtàn kankan. Mo ní wọ́n dé orí afárá kan. Agbowó-ibodè kan wà lápá ìhín, ọ̀kan wà lápá ọ̀hún, àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn. Ti apá ìhín gba owó wọn láìwojú. Ti apá ọ̀hún gbé owó fàdákà tí wọ́n fún un sókè sí oòrùn, ó wo orí tí wọ́n yà sí i lára, ó gbé e lé òkúta, ó wá ń fi àtàǹpàkò tì í padà sí wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ti òkú eku. Ó ní, “Orí ẹni yìí kì í kọjá níbí.” Gbogbo owó tó wà lápò wọn, orí ẹ̀gbọ́n ló wà lára ẹ̀, ilẹ̀ àbúrò ni wọ́n sì dé. Tábìlì dákẹ́ lọ gbáà. Ẹnì kan nínú wọn wá béèrè pé, “Kí làwọn èèyàn yìí fi ṣe ara wọn?” Ìbéèrè yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún ogójì ojú ìwé mi. Odindi ìjókòó mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi ń wá ẹni tó kọ́kọ́ jẹ̀bi láàárín ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má da nǹkan kan nù nìyẹn. Ẹ jókòó ti ìtàn ọdún 4,000 yín, kí ẹ sì máa bi ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan pé: ta ni èyí ṣì ń dí lọ́wọ́ títí di àárọ̀ òní? Kí ló fi sílẹ̀ tí èèyàn lè fọwọ́ kàn? Ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ àpá, òfin kan tí ẹnikẹ́ni ò rántí ìdí ẹ̀ mọ́, gbèsè tí bàbá bàbá ẹnì kan jẹ, ilé tó wó tí àwọn aládùúgbò ò jẹ́ kí wọ́n tún kọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ tó bá ti rí ìdáhùn, ẹ gbé e wá síbi tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn wà. Èyí tí kò bá rí ìdáhùn, ẹ fi sínú àká. Ẹ máa wá mú un níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ebi ẹ̀ bá pa yín.

Àwọn tó dá irú eré yìí sílẹ̀ pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ láti orí gbogbo ayé. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde. Ṣáájú ìgbà náà, Arneson ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ṣeré níbì kan tó pè ní Blackmoor, ohun tó sì kọ́kọ́ wà níbẹ̀ ni ilé olódi kan, ìlú kékeré kan, àti àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ilé olódi náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gygax: ilé olódi Greyhawk àti ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ìwé tó ṣàlàyé ayé tó yí i ká kò jáde títí di 1980. Ẹ lè ní, Ed Greenwood, ẹni tó kọ́ ayé eré tó ń jẹ́ Forgotten Realms, ńkọ́? Òótọ́ ni pé láti kékeré ló ti ń kọ ìtàn nípa Forgotten Realms, kí eré yìí tó wáyé rárá, tí wọ́n sì wá tẹ̀ ẹ́ fún títà ní 1987. Àmọ́ ìfẹ́ ọkàn ara ẹ̀ ló fi ń kọ ọ́, kò kọ ọ́ torí ìjókòó ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó sì wá ń fi bá àwọn èèyàn ṣeré, ibi kékeré kan tó ń jẹ́ Shadowdale ni àwọn ẹ̀dá-ìtàn wọn fi ṣe ilé. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín jù ni Tékumel, ayé eré mìíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1975. Onímọ̀ èdè ló kọ́ ọ, ó sì ní èdè tiẹ̀. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn: àlejò tí ọkọ̀ ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí èbúté ni wọ́n ní kí àwọn ẹ̀dá-ìtàn jẹ́. Ẹni tó ń ṣeré ò mọ nǹkan kan nípa ìlú, ẹ̀dá-ìtàn ẹ̀ náà ò mọ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ lè yá ọgbọ́n yẹn lò.

Báwo la ṣe wá ń mọ̀ pé ohun tí a kọ ti tó? Ẹsẹ̀ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú òfin Dungeons & Dragons ti 2014, ẹni tó bá ń rìn níwọ̀ntúnwọ̀nsì máa rin máìlì 24 lóòjọ́. Bí ọ̀kan nínú ilẹ̀ mẹ́ta tí ẹ yà bá fẹ̀ tó máìlì 600, ọjọ́ 25 ni wọ́n máa fi là á já, ìyẹn bí kò bá sí òkè, ẹrẹ̀ tàbí ọ̀tá lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ibi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ dé láàárín ọjọ́ kan sí méjì nìkan ni mo máa ń mọ̀ bí ẹni mọ yàrá ara ẹ̀: ta ló ń pàṣẹ níbẹ̀, kí ni wọ́n fi ń jẹun, kí ló ń bà wọ́n lẹ́rù lóru. Ohun tó bá kọjá ìyẹn, àgbọ́sọ ni mo fi í ṣe. Ẹnì kan gbọ́ pé ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn òkè tí wọ́n ti ń sin òkú ní òòró. Òmíràn ní irọ́ ni. Fún ibi tó jìnnà, àgbọ́sọ wúlò ju òótọ́ lọ, torí ó fún yín láyè láti yí ọkàn padà kí wọ́n tó débẹ̀. Níwọ̀n bí ẹ sì ti ya máàpù tán, ẹ yẹ odò inú ẹ̀ wò fún mi. Odò máa ń ti ibi gíga lọ sí ibi tó rẹlẹ̀, wọ́n sì máa ń pàdé ara wọn lọ́nà. Ó ṣọ̀wọ́n kí odò kan là sí méjì àfi nítòsí ẹnu òkun. Apá òkè tó dojú kọ atẹ́gùn òkun ló ń gba òjò, ẹ̀yìn ẹ̀ á gbẹ. Ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú o. Kìkì pé ó máa ń sọ ìdí tí àwọn èèyàn fi tẹ̀dó síbi tí wọ́n wà, àti ohun tí wọ́n á máa torí ẹ̀ jà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ayé eré ti máa ń ṣófo jù lójú mi ni ọ̀rọ̀ idán. Adarí eré á kọ ìtàn ọba àti ogun bíi pé kò sí idán nínú ayé náà, bẹ́ẹ̀ òfin eré ti fún àlùfáà àti oṣó ní agbára tó lè da ìlú rú. Ẹ jẹ́ ká mú ẹyọ kan. Nínú Dungeons & Dragons, idán kan wà tí wọ́n fi ń bi òkú ní ìbéèrè márùn-ún, àmọ́ òkú náà gbọ́dọ̀ ṣì ní ẹnu. Kí ni apààyàn tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ṣe? Nínú ìlú kan tí mo kọ́, mo ní kí wọ́n bá òkú oníṣòwò kan lẹ́bàá kànga. Aṣọ ara ẹ̀ mọ́, òrùka ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó tú àpò owó ẹ̀, àmọ́ àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti lọ. Mi ò ṣàlàyé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀kan nínú wọn tó gbé orí sókè, ó ní, “Wọn ò fẹ́ kó sọ̀rọ̀.” Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ irú ìlú tí wọ́n wà, ìlú tí àwọn apààyàn ti mọ agbára àlùfáà tipẹ́, tí wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn méjì ni mo fi kọ́ ìlú yẹn. Òmíràn rèé: idán kan wà tó ń jí ẹni tí kò tíì kú ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, ó sì ń jẹ dáyámọ́ńdì tó tó owó wúrà 500. Ta ló ni ibi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì nínú ayé yín? Ẹni náà ló ń pinnu ẹni tí ikú máa gbé lọ gbé. Bí wọ́n bá sì pa ọba, ṣé kò ní jẹ́ pé òkú ẹ̀ ni àwọn ọ̀tá máa jí gbé, kí wọ́n fi pa mọ́ títí di ọjọ́ kọkànlá? Bí òfin eré mìíràn lẹ bá ń lò, ẹ wá irú ìbéèrè yìí nínú tiẹ̀. Wákàtí kan tí ẹ bá fi ronú lórí idán mẹ́ta tí àwọn ọ̀rẹ́ yín ní lọ́wọ́ máa ṣe yín lóore ju òrìṣà kejìlá lọ.

Ní ti òrìṣà mọ́kànlá tó ti wà nílẹ̀, ẹ yan méjì tí àwọn ọmọlẹ́yìn wọn ò jọ rẹ́ níbi tí eré ti bẹ̀rẹ̀, kí mẹ́sàn-án yòókù máa jẹ́ orúkọ tí àwọn èèyàn fi ń búra. Èdè yẹn, ẹ lò ó fún orúkọ nìkan. Bí orúkọ àwọn ará apá kan bá jọra létí, wọ́n á gbọ́ orúkọ àlejò, wọ́n á sì ti mọ ibi tó ti wá kí ẹ tó sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ atukọ̀. Ta ló fọ́ ojú ẹ̀? Bí ogun kan bá wà nínú ìtàn yín tí kò tíì ju ogún ọdún lọ, ibẹ̀ ni kó ti fọ́. Ọkọ̀ yẹn, ṣé tiẹ̀ ni àbí ó jẹ gbèsè lé e lórí? Ẹni tó jẹ ní gbèsè, ẹ wá a jáde látinú ìwé yín. Kí ló ń fẹ́ tí kò lè dá rí? Ta tún ni nǹkan yẹn wù? Mo máa ń fẹ́ kí ó jẹ́ èèyàn mẹ́ta, tí nǹkan kan ṣoṣo wù, tí wọn ò lè jọ ní in, tí kò sì sí ìkà paraku nínú wọn. Ká ní ọ̀nà omi ni: atukọ̀ fẹ́ kó wà ní ṣíṣí torí ibẹ̀ ló ti ń jẹun, àlùfáà fẹ́ tì í torí òkú tó ń léfòó níbẹ̀ lálaalẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin kan sì fẹ́ gba ibẹ̀ sá lọ kí ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ tó pé. Ẹ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan bí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ò bá dá sí i. Gbogbo ẹ̀ ò ju ojú ìwé kan lọ, mo sì ti rí i tí irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ gbé ìjókòó mẹ́rin.

Ó wá ku ẹ̀rù. Wọ́n á bi yín ní ohun tí ẹ ò rò, ó dájú. Kò sí ìjókòó tí wọn kì í bi èmi náà. Ìwé pélébé kan ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo kọ ogún orúkọ sí, tọkùnrin tobìnrin, tí mi ò tíì fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá ti lo ọ̀kan, màá fa ìlà sí i, màá kọ iṣẹ́ ẹni náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Orúkọ tó bá bọ́ sẹ́nu kíákíá, ńṣe ni wọ́n á rò pé ẹni náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bí ìbéèrè bá sì jẹ́ ti ìtàn, ẹ jẹ́ kí ará inú ayé náà dáhùn. “Ta ló kọ́ ilé ìṣọ́ yìí?” Arúgbó kan á ní òmìrán ló kọ́ ọ, ọmọ ẹ̀ á ní irọ́ ni, bàbá ọba ni. Ẹ ti rí àyè ronú di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá rú yín lójú pátápátá, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún, mi ò tíì rí ẹni tó bínú sí ìyẹn. Ohun kan ni mo kìlọ̀ ẹ̀ fún yín: bí wọ́n bá ti gbé ìpinnu lé ohun tí ẹ sọ, ẹ má yí i padà. Bí ẹ bá ní afárá ti wó, tí wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta gba ọ̀nà mìíràn, afárá náà ti wó nìyẹn, kódà kó ba gbogbo ètò yín jẹ́. Bí wọ́n bá rí i lẹ́ẹ̀kan pé ilẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lánàá ti yẹ̀ lónìí, wọn ò ní gba ẹnu yín gbọ́ mọ́. Torí náà, kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ eré, ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ ò béèrè, àmọ́ ó lè wà lọ́kàn yín bóyá kò ní sàn kí ẹ ra ayé tí ẹlòmíràn ti kọ́. Ó ní àǹfààní tiẹ̀: máàpù ti wà, orúkọ ti wà, ẹ ó sì lè bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kà á kí ẹ tó lè lò ó, bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín bá sì mọ̀ ọ́n jù yín lọ, á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu. Èmi máa ń yá ìlú kan tàbí ihò kan níbẹ̀, màá yí orúkọ ẹ̀ padà. Ọ̀nà mìíràn ni kí gbogbo yín jọ kọ́ ọ. Eré kan tiẹ̀ wà tó dá lé ìyẹn, Microscope, tí Ben Robbins gbé jáde ní 2011: gbogbo èèyàn ló jọ ń to ìtàn ayé kan, kò sí adarí eré rárá. Ẹni tó bá fọwọ́ ara ẹ̀ dá ìlú sílẹ̀ kì í gbàgbé orúkọ ẹ̀. Ohun tí ọ̀nà yẹn máa ń gbà lọ́wọ́ adarí eré ni àṣírí, torí ó ṣòro láti ya èèyàn lẹ́nu nínú ilé tó bá yín kọ́. Pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe, mi ò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ kàn bi ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, “Ta ni ẹ̀dá-ìtàn rẹ fi sílẹ̀ tí inú ẹ̀ ò dùn sí i?” kí ẹ wá fi ìdáhùn wọn sí ibi tó ṣófo nínú máàpù. Ẹ tún bi wọ́n ní ohun tí wọn ò fẹ́ kó wáyé nínú eré rárá, kí ẹ sì yẹra fún un.

Ẹgbẹ́ èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ń pàdé lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ni mo mọ̀ jù, ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo sọ yìí ti wá. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwé ìtàn gan-an ni wọ́n fẹ́, wọ́n á kà á mọ́jú kí ẹ tó pàdé. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yín bá rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn mi máa fi ebi pa á. Ẹ fún un ní ojú ìwé mẹ́wàá, kí ẹ̀dá-ìtàn ẹ̀ jẹ́ òpìtàn, kó máa sọ ọ́ fún àwọn yòókù lẹ́nu ara ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé kíkọ́ ayé náà fúnra ẹ̀ ló ń dùn mọ́ yín lóru, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni, títí kan èmi, sọ fún yín pé àṣedànù ni. Ẹ máa kọ́ ọ lọ. Ẹ kàn má retí pé orí tábìlì ni wọ́n ti máa san án padà fún yín.

Ní ti ìjókòó tó ń bọ̀, ẹ mú ọba kan látinú ìtàn ọdún 4,000 yẹn, èyí tó bá wù yín, kí ẹ fi orí ẹ̀ sára owó tó wà lápò wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọkọ̀, kí ọkọ̀ dé agbedeméjì odò, kí wọ́n sanwó. Kí atukọ̀ gbé owó náà sún mọ́ ojú kan tó kù fún un, kó wò ó pẹ́, kó wá rọra jù ú sómi. Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́, kí ẹ dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ béèrè.